Ẹ̀fọn Inú Àmù

Bí Sátidé ìmọ́tótó bá pé, tí oòrùn kò tíì ga, tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ ṣì wà ní títì láti Ọjà Ọba dé Ìpàtà ní Ìlọrin, ẹni tí ó bá gba Pàkátà kọjá yóò rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n kó ṣọ́bìrì bọ inú gọ́tà, tí wọ́n ń wa ẹrẹ̀ dúdú jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí òógùn ń ṣàn lójú wọn, tí àwọn àgbà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn tí wọ́n ń kí wọn kú iṣẹ́, tí wọ́n ń wí fún ara wọn pé ẹ̀fọn ti gbé lónìí, ibà yóò dínkù ní àdúgbò. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ náà, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí ìlú tí ó bá mọ́ tónítóní, iyì ọmọ ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn àgbà wọ̀nyẹn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí, àmù ńlá kan wà níbẹ̀ tí omi mímọ́ gaara kún inú rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò sì rà á padà. Bí a bá tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, a óò rí àwọn nǹkan wínníwínní tí wọ́n ń jó lọ sókè, tí wọ́n ń jó bọ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tí ìlù ń dùn mọ́. Tanwíjí ni àwọn bàbá wa ń pè wọ́n. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Èrò kan ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa bí ìrókò ojúbọ. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, àfáà ń mẹ́nu bà á ní wáàsí, ẹni tí ń ta oògùn sì ń tún un sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀: pé ibà kan ṣoṣo ni ó wà ní ilẹ̀ yìí, màléríà ni orúkọ rẹ̀, pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo ni ó ń gbé e kiri, òru ni ó ń jẹni, inú ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ni a sì ti ń bí i, pé ẹni tí ó bá ti ro àyíká ilé rẹ̀, tí ó wa gọ́tà rẹ̀, tí ó sì ń sun abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ibà kò lè tó o mọ́. Bí ẹnì kan bá wá dárúkọ ibà dẹ́ńgì, wọn a ní àrùn àwọn ará Éṣíà àti ti Bùràsíìlì ni ìyẹn, ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò ni, kò mọ ọ̀nà Ìlọrin. Èrò yìí ni mo fẹ́ bá jà, nítorí pé mo ti rí ohun tí ó ń fi ojú àwọn ènìyàn mi rí, àti nítorí pé ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí olè ti wà lábẹ́ ibùsùn, bí ó ti wù kí ó lágbára tó, dúkìá rẹ̀ yóò lọ.

N ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti pe àrùn náà ní àlejò. Láàárín ọdún 1964 sí 1968, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń jiyàn lónìí kò tíì dé ilé ayé, àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìbàdàn gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn tí ibà ń ṣe, wọ́n sì bá fáírọ́ọ̀sì dẹ́ńgì nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan, ẹ̀yà méjì ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet ní 1971, àwọn ará òkèèrè kà á, àwa tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni a kò kọbi ara sí i. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìlọrin tẹ ìwádìí tiwọn jáde, èyí tí wọ́n ṣe lára àwọn tí ibà ń ṣe ní ìgboro Ìlọrin níbí, wọ́n sì rí àmì dẹ́ńgì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí dẹ́ńgì àti màléríà jọ ń bá jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ó wá kù tí yóò sọ pé ẹnu ibodè ni àlejò yìí dúró sí? Ó ti wọlé, ó ti jókòó, ó ti ń bá wa jẹun nínú àwo kan náà.

Àti pé, bí a bá ní kí a tọ́ ìran ẹ̀fọn tí ń gbé dẹ́ńgì kiri dé orísun, ojú ni yóò tì wá pé a pè é ní àjèjì. Aedes aegypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà yìí ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn tí wọ́n tọpa ìrìn rẹ̀ sọ pé nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ wa lẹ́rú kọjá òkun ni ó bá dé Amẹ́ríkà, tí ó ń bí sí inú àgbá omi tí àwọn atukọ̀ ń mu lójú òkun, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibà tí ó wá ń pa àwọn ará Bùràsíìlì lónìí, tí ìròyìn rẹ̀ ń dé etí wa bí ìtàn ilẹ̀ ọlọ́nà jíjìn, ọmọ ilé wa ni ó gbé e kiri ibẹ̀. Ní 2024, iye ẹni tí wọ́n kà pé dẹ́ńgì mú ní Bùràsíìlì nìkan lé ní 6 mílíọ̀nù.

Bí Bùràsíìlì bá jìnnà, Bùkínà Fásò kò jìnnà. Ní 2023, dẹ́ńgì jà ní orílẹ̀-èdè náà bí iná inú ọyẹ́, àwọn tí a fura pé ó mú ju 100,000 lọ, àwọn tí ó kú sì lé ní 600. Bí Bùkínà Fásò bá tún jìnnà, Sókótó ńkọ́? Ní ìparí ọdún 2023 yìí kan náà, NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn, kéde pé dẹ́ńgì ti bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Sókótó: ẹni 71 ni a fura sí, 13 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára wọn, Ọlọ́run sì yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀nà tí ó ti Sókótó wá sí Ìlọrin, ọ̀nà àtijọ́ ni. Òun ni ìwé kíkà gbà wá, òun ni màlúù àti àlùbọ́sà ń gbà wá, bọ́ọ̀sì akérò kì í sì í sinmi lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹ̀fọn yìí kì í fò jìnnà, ó pọ̀ jù kí ó fò láti ilé kan dé àwọn ilé tí ó wà nítòsí. Ènìyàn ni ó ń bá fáírọ́ọ̀sì náà rìnrìn àjò. Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ ní Sókótó lánàá lè sọ̀ kalẹ̀ ní gárééjì wa lónìí kí ara rẹ̀ máa gbóná, kí ẹ̀fọn tiwa tí a sìn sínú àmù tiwa sì mu nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ méjìlá, ẹ̀fọn náà ti di ológun, títí yóò fi kú ni yóò sì máa pín àrùn fún ẹni tí ó bá jẹ. Ohun tí ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀tá. Ẹ̀fọn dúdú kékeré ni, funfun tóótòòtó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọmọge, ìlà funfun sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nítorí náà ni n ó ṣe máa pè é ní ẹ̀fọn abilà. Abilà ẹsẹ̀, ajẹni-lọ́sàn-án-gangan, abímọ-sínú-omi-mímu, a-bá-onílé-gbé-má-sanwó-ilé. Kò fẹ́ràn ẹrẹ̀, kò fẹ́ràn omi gọ́tà tí ń rùn. Inú omi mímọ́ tí ó dúró sójú kan ni ó ti ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí: àmù, dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, tánkì tí kò ní ìdérí, agolo tí òjò rọ̀ sí, àti táyà àlòkù tí àwọn tí ń lẹ táyà tò jọ láti Gérí Àlímì dé Ọ̀ffà Gárééjì. Kì í tilẹ̀ yé ẹyin sí ojú omi. Ara ìkòkò, lókè ibi tí omi dé, ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹyin náà sì lè gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan láìkú, kí ó máa retí ọjọ́ tí omi yóò tún gòkè bá òun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá da omi àmù nù, tí kò fi kànrìnkàn fọ ara àmù náà nínú, kò tíì ṣe ohunkóhun.

Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe. Ẹ̀fọn tí ó pọ̀ jù nínú gọ́tà tí ń rùn, èyí tí ó máa ń han sí wa létí lóru tí kì í jẹ́ kí a sùn, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tilẹ̀ ṣe òun ni ó ń gbé màléríà, nítorí ẹ̀fọn màléríà fẹ́ràn adágún omi òjò tí oòrùn ń ta sí ju omi ìdọ̀tí lọ. A wá wa gọ́tà, a bọ́ lọ́wọ́ ariwo, a sì rò pé a bọ́ lọ́wọ́ ikú. Nẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ohun rere ni nẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi ká tirẹ̀ kúrò lórí ibùsùn, nítorí ẹ̀fọn màléríà kò tíì ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ẹ̀fọn abilà ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá jù ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́, àti ní ìrọ̀lẹ́, láàárín ìrun Àsárì sí Mọ̀gáríbì. Àwọn wákàtí yẹn gan-an ni àwọn ọmọ wa jókòó lórí ẹní ní ilé-kéwú, tí wọ́n fi wàláà sí itan, tí ẹsẹ̀ wọn wà ní ìhòhò, tí ẹnu wọn ń ka ohun tí ọkàn wọn ń há sórí, tí ọwọ́ wọn sì ń lu ẹ̀fọn ní iwájú ẹsẹ̀ láìmọ irú èyí tí ó jẹ. Nẹ́ẹ̀tì wo ni ó wà níbẹ̀?

Mo ti gbọ́ èsì àwọn alátakò mi, n kò sì ní fi ojú tín-ín-rín wò ó. Wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa lápálápá: wọ́n ní màléríà ni ètè, nítorí òun ni ó ń pa àwọn ọmọ ìkókó ní ilẹ̀ Nàìjíríà ju ní orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lágbàáyé lọ, pé dẹ́ńgì tí mo ń pariwo rẹ̀ yìí, lápálápá lásán ni. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn nípa màléríà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ pa òwe yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ aṣọ lára aláìsàn kí ó wò ó, kí ó tó mọ èyí tí ó jẹ́ ètè àti èyí tí ó jẹ́ lápálápá, ohun tí a kì í sì í ṣe nìyẹn. Bí ara bá ti gbóná, a ti dá ẹjọ́ tán: màléríà ni. Bí oògùn màléríà kò bá ràn án, a ní màléríà àti táífọ́ọ̀dù ni. Bí ìyẹn náà kò bá ràn án, a ní màléríà náà ti wọ inú eegun, a ó sì se àgbo. Kódà bí wọ́n bá tilẹ̀ rí màléríà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pé ẹjọ́ ti parí, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ wa ni ó ń gbé màléríà díẹ̀díẹ̀ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí àìsàn, tí ó sì lè jẹ́ pé ohun mìíràn ni ó dá wọn dùbúlẹ̀.

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ní ìgbà òjò kan, ibà gbé e dè lójijì, orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ẹyinjú ń ro ó débi pé kò fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án, egungun ẹ̀yìn àti oríkèé ń dùn ún bí ẹni tí a fi odó gún. Àwọn ilẹ̀ mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pe dẹ́ńgì ní ibà a-fọ́-egungun nítorí ìrora yìí. Ilé ìwòsàn kan yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí màléríà, wọ́n sì fún un ní oògùn màléríà lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n ní ó lè fara pamọ́ ni. Nígbà tí ìrora kò dẹ̀, ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta oògùn ní àdúgbò, ẹni náà sì po oògùn oríṣiríṣi pọ̀ fún un nínú bébà, oògùn ìrora líle wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ tutù. A yọ̀, a ṣe sàárà, a fi àkàrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kéwú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí run ún, tí ó ń bì láìdáwọ́dúró, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ ní erìgì rẹ̀. Dókítà ọlọ́gbọ́n kan ni Ọlọ́run fi ṣe àánú rẹ̀: ó gba bébà oògùn náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fa omi sí i lára, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ náà yè. Bí mo ṣe bi dókítà ní orúkọ àrùn náà, ó ní ohun èlò tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí òun fura sí.

Ohun tí ó fura sí yìí, àkókò tí a rò pé àìsàn ti lọ ni ewu rẹ̀ ń dé. Nínú dẹ́ńgì, nígbà tí ibà bá ń lọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje, ni omi ara lè máa jò kúrò nínú iṣan, tí inú yóò máa run, tí èébì kò ní dáwọ́ dúró, tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa yọ ní imú tàbí erìgì. Kò sí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Omi mímu, ìsinmi, Paracetamol fún ibà, àti ojú tí ó ṣọ́ aláìsàn dáadáa ni ìtọ́jú rẹ̀, nígbà tí aspirin àti ibuprofen, tí wọ́n ń pò mọ́ bébà oògùn káàkiri ìgboro, ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè ya. Àwọn tí ó bá ní “ó ti ń ṣe wá tipẹ́, a sì ń yè é” yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí pẹ̀lú: mẹ́rin ni àwọn ẹ̀yà dẹ́ńgì, bí ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ọ̀kan bá bá jà tí ó sì borí, ọ̀kan yẹn kò tún lè bá a jà mọ́ láéláé, ṣùgbọ́n bí èkejì bá dé bá a, ìjà ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó sábà máa ń le jù, nítorí ohun ìjà tí ara fi ṣẹ́gun ẹ̀gbọ́n lè wá di àtẹ̀gùn tí àbúrò yóò fi gun orí. Yíyè tí a yè lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí pé a óò tún yè.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ẹ̀fọn abilà àti àwọn ìbátan rẹ̀ kò tíì ṣe wá ní ohun kan tí a lè tọ́ka sí, kí ó rántí Òkè Ọwá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, ibà pọ́njú mú ọmọdé kan ní abúlé náà, Dákà ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ kí a tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọwọ́jà ibà pọ́njú tí ó tún ràn káàkiri Nàìjíríà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn, wọ́n sì ní láti ṣètò abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ènìyàn tí ó ju 800,000 lọ ní Kwara àti apá kan Kogi. Ní igbó, àwọn ìbátan ẹ̀fọn abilà ni wọ́n ń gbé ibà pọ́njú. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ìgboro, ẹ̀fọn abilà yìí kan náà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ibà pọ́njú ní abẹ́rẹ́ tí ó dájú, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò kan dẹ́ńgì rárá, ẹ̀fọn tí ó yẹ kí a wá lọ bá nínú àmù, a fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń bí sí i.

Mo mọ̀ pé bí mo ti ń sọ̀rọ̀ àmù yìí, àwọn kan yóò rò pé àwọn ìyá wa ni mo ń bú. Kí Ọlọ́run má jẹ́! Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, Òkè Lélè rẹ ni àwọn ìyá amọ̀kòkò wà, àwọn tí òkìkí iṣẹ́ wọn kàn ré kọjá ìpínlẹ̀ yìí. Àmù wọn ni ó ń mú omi tutù fún àlejò kí fíríìjì tó dé. Omi kò ní ọ̀tá, àmù kò sì dẹ́ṣẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, kí ni ó dé tí omi ọ̀sẹ̀ méjì fi ń dúró nínú àmù ní ìlú tí a sé odò Àsà àti Agbá nítorí rẹ̀? Ẹnu ẹ̀rọ ń gbẹ ni. Obìnrin tí ó mọ̀ pé omi ẹ̀rọ lè yọ lónìí kí ó má sì tún yọ fún ọjọ́ mẹ́wàá, tí ó sì ní láti san owó fún mẹ́ruwà fún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí ó bá tì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò lè ṣe kí ó má bu omi kún gbogbo ohun tí ó bá ní bámúbámú, títí dé orí agbada àkàrà rẹ̀. Ìjọba tí kò bá fún ìlú ní omi ẹ̀rọ tí ó dúró ṣinṣin, ó ti ń bá ẹ̀fọn abilà kọ́lé láìmọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe sí dẹ́ńgì, omi tí ń yọ lójoojúmọ́ ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, n kò sì ní jẹ́ kí a máa fi ìwàásù ìmọ́tótó gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni í.

Síbẹ̀, kí omi tó dé, ilé ẹni ni a ń gbé. Àwọn àgbà tí ojú wọn tó ayé ìjọba Òyìnbó rántí wolé-wolé, ọkùnrin onísọ́kọ̀sì gígùn tí ó ń wọ inú ilé wọ yàrá, tí ó ń ṣí àmù wò, tí ó sì ń kọ orúkọ obìnrin tí ó bá bá tanwíjí nínú omi rẹ̀ kí ó lè san owó ìtanràn. Ìnilára wà nínú iṣẹ́ wọn, ẹkún ìyá wa kò sì ṣe é gbàgbé. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí a wò! Gọ́tà nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Inú ilé ni wọ́n ń wọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní ìlú Havana ní orílẹ̀-èdè Kúbà ní 1901 nìyẹn, tí wọ́n fi ojú lé gbogbo àgbá omi ilé dé ilé, tí ibà pọ́njú tí ó ti ń pa wọ́n láti ọdún gbọgbọrọ fi kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tí Bùràsíìlì ṣe nìyẹn títí a fi kéde ní 1958 pé ẹ̀fọn abilà ti tán níbẹ̀. Bí wọ́n ti dẹwọ́, ó padà, ẹ sì ti gbọ́ iye ẹni tí dẹ́ńgì mú ní 2024. Àwa náà ti lé wolé-wolé lọ nítorí pé a kórìíra ìnilára rẹ̀, a sì jẹ́ kí ọgbọ́n rẹ̀ bá a lọ. Kí a pè é padà wálé, kí ó wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí ó fi tọ́ọ̀ṣì àti kànrìnkàn rọ́pò ìwé ìtanràn.

Ẹ̀rọ tí ń tu èéfín ní òpópónà, tí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn nítorí pé ojú ń rí i, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èéfín náà ń pa èyí tí ó ń fò lọ́wọ́, kò dé abẹ́ ibùsùn àti ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ̀fọn abilà ń bà sí, kò sì kan tanwíjí inú àmù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n ti tún pọ̀. Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò. Ní Yogyakarta ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, wọ́n ti sin ẹ̀fọn tí kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Wolbachia wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì náà gbèrú, dẹ́ńgì sì dínkù ní ìpín 77 nínú 100 ní ibi tí wọ́n ti tú wọn sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ nípa kòkòrò ní yunifásítì fojú sí i. Ṣùgbọ́n kànrìnkàn kò dúró de ọ̀mọ̀wé. Láti ẹyin di ẹ̀fọn, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ni. Ẹni tí ó bá da omi àmù rẹ̀ sí inú igbá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí ó fọ inú rẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ kò fẹ́ dé, tí ó sì fi ìdérí tí ó bá ẹnu rẹ̀ mu bò ó, ti fọ́ ilé ẹ̀fọn náà. Kí àwọn ìmáàmù wo dúrọ́ọ̀mù omi àlùwàlá àti búúta tí ó dúró láti Jímọ̀ dé Jímọ̀. Kí àwọn tí ń lẹ táyà lu táyà àlòkù ní ihò tàbí kí wọ́n kó o wọ abẹ́ òrùlé. Kí ilé ìwòsàn wa ní ohun èlò tí wọn yóò fi mọ dẹ́ńgì, kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ Kwara má tún ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá, mo lọ sí Òkè Lélè láti ra àmù tuntun. Ìyá amọ̀kòkò tí mo bá pàdé jókòó sábẹ́ ìbòòji, amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn àmù tí a ti sun sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ọmọ-ogun, gbogbo wọn ya ẹnu sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ọmọrí wọn dà?” Ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, àwọn tí ń rà á kì í béèrè ọmọrí mọ́. Bí mo bá mọ ọ́n, ilẹ̀ ni yóò wà.” Mo ní kí ó bá mi mọ méjì, mo sì san owó rẹ̀ sílẹ̀: ọ̀kan fún àmù ilé mi, ọ̀kan fún èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà tí wọ́n bá ti gbẹ.